Ṣíbí Méjì Lórí Ìṣó Méjì

Chillwapata,
ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹwàá.

Nélida ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Wílber ọkọ rẹ, mo kí ìyá ọkọ rẹ tí kì í dáhùn tí mo bá kí i lórí fóònù, mo sì kí Yadira ọmọ-ọmọ mi lẹ́ẹ̀meje nítorí pé ọmọ ọdún méje ni. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù Líma wọ inú egungun yín. Kí abẹ́rẹ́ má ṣe ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ ìránṣọ rẹ. Ẹni tó bá ń wò yín ní ìwòkúwò, ẹ̀yìn yín ni kí ó máa rí. Àwọn àgùntàn wà dáadáa, ajá ti bí mẹ́rin, pòtétò tí Yadira bá mi hú nílẹ̀ ṣì kún àká, àwọn kúì kéékèèké bí òkété tí mò ń sìn nínú ilé ìdáná sì ti di mọ́kàndínlógún. Èyí tí Yadira sọ lórúkọ, kò tíì sí ẹni tó láyà láti jẹ ẹ́.

O sọ lọ́jọ́sí pé ọmọ náà ń húkọ́ láti ìgbà tó ti padà dé, pé ó ti rù díẹ̀, pé ìrọ̀rí rẹ̀ máa ń tutù fún òógùn, o sì ní ìrì Líma ni. Èmi náà ní ìrì ni, mo ní kí o fún un ní omi ewé múnyà gbígbóná. Fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Àwọn ẹlòmíràn máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àlàáfíà ni àwọn wà. Èmi ò ní kọ ọ́. Inú ń bí mi, Nélida. Inú ti ń bí mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jẹun inú ń bí mi, mo da àgùntàn jẹko inú ń bí mi, títí tí ajá fi ń sá fún mi. Wọ́n fún mi ní ìdánwò lọ́jọ́ ogbó mi, mo sì fìdí rẹmi.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Fóònù tí o rà fún mi kì í gbọ́ nǹkan kan nínú ilé, àfi tí mo bá gun òkè tó wà lẹ́yìn itẹ́ òkú, ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ti máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí mo lè máa fi igbe sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá rẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ní èsì ìdánwò náà ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, láti ibẹ̀ kò sí ibi tí kò lè dé, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta ní Líma pé bàbá rẹ gba márùn-ún nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ikọ́ tí mo sọ fún ọ pé eruku àgbàdo ni, kì í ṣe eruku. Jókòó kí o tó ka èyí tó kàn. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni. Má pariwo, má sì tíì sọ fún ìyá ọkọ rẹ. Nínú oṣù keje ni mo tutọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ni mo bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá títì. Nọ́ọ̀sì Maribel fún mi ní ike kékeré kan tó ní ìdérí, ó ní tí n bá jí láàárọ̀ kí n húkọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀, kí n gbé e wá fún òun. Ta ni í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ bá ọmọ ọlọ́mọ? Ojú tì mí. Mo fi aṣọ tábìlì tí ìyá rẹ ṣe iṣẹ́ ọnà sí lára wé e, mo gbé wàràkàṣì kan lé e lórí kí ó má baà dà bíi pé nǹkan ẹ̀gbin nìkan ni mo gbé wá. Ó dá wàràkàṣì padà, ó gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Láti oṣù kẹjọ ni mo ti wà lórí oògùn. Ojoojúmọ́, yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́dọ̀ lọ gbé e mì níwájú nọ́ọ̀sì, wọn kì í jẹ́ kí n kó o lọ sílé. Hóró mọ́kànlá ni. Tí mo bá gbé e mì tán, á ní, Bàbá, ẹ la ẹnu, ẹ gbé ahọ́n sókè. Bí wọ́n ṣe ń wo ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ́jà nìyẹn. Èmi tí mo ṣe adájọ́ omi ìlú yìí fún ọdún méjìlá, tí mò ń pín omi fún ọgọ́rin oko láìsí pé wọ́n fi ṣọ́bìrì fọ́ orí ara wọn, èmi ni ọmọbìnrin tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ mi ń wo abẹ́ ahọ́n mi bóyá mo jí nǹkan pamọ́ síbẹ̀.

Tún gbọ́ èyí. Wọ́n ní fóònù á máa rán mi létí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá gun òkè itẹ́ òkú láti lọ gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí mi. Ó máa ń ní, Ẹ káàárọ̀, ẹ má gbàgbé oògùn yín lónìí. Èmi náà á fi ìka kan kọ èsì pé, Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ jí dáadáa, mo ti gbọ́, mò ń bọ̀. Màá wá sọ̀kalẹ̀ láti òkè yẹn, màá gba iwájú ilé ara mi kọjá, màá lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Oṣù méjì gbáko, ẹni náà kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan. Kò béèrè ara mi, kò béèrè àgùntàn. Mo wá bi nọ́ọ̀sì pé ọmọ ta ni òǹkọ̀wé yìí tí wọn ò kọ́ ní ìkíni nílé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, Ẹ̀rọ ni, Bàbá, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àbí òkè yẹn lẹ ń gùn láràárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàìsàn? Mo ní ṣé èèyàn lè gba oògùn láìkọ́kọ́ gba àṣẹ ni? Ó ní kì í ṣe àṣẹ. Oṣù méjì, Nélida! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gba oògùn náà ni nọ́ọ̀sì yìí kan náà ti mú fọ́ọ̀mù kan jáde, ó ní kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti bá mi sùn nínú ilé láti ìgbà tí ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò sí. Ó ní, Kò sí ẹnì kankan, Bàbá? Mo ní ìyàwó mi wà ní itẹ́ òkú, ọmọ mi wà ní Líma, ajá ò lórúkọ àbísọ. Ó bi mí nínú oṣù kẹjọ, ó bi mí nínú oṣù kẹsàn-án, bákan náà ni mo dáhùn. O mọ ohun tí ìwé orúkọ fojú wa rí ní ìlú yìí nígbà ogun. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màá jẹ orúkọ yín pọ̀ mọ́ pòtétò kí n tó fi lé ìjọba lọ́wọ́, ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn, mo sì rò pé ọgbọ́n ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ife ṣẹlẹ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án a jáde lọ gbá ọ̀nà omi bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún, gbogbo ilé gbé ṣọ́bìrì. O mọ bí a ṣe ń mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lọ́jọ́ náà: ife kan ṣoṣo ni, tí o bá mu, wàá da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún Ìyá Ilẹ̀, wàá nà án sí ẹni tó tẹ̀ lé ọ, àwọn tó ti ṣe adájọ́ omi rí ló sì máa ń kọ́kọ́ mu. Fortunato tó jẹ́ adájọ́ báyìí mu tirẹ̀ tán. Mo ti na ọwọ́. Ó gbé ife kọjá níwájú mi, ó fún àna rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Eulalia ìyàwó rẹ̀ yọ ike yógọ́ọ̀tì kan lábẹ́ ìborùn, wọ́n ti so òwú pupa mọ́ ọn nídìí, ó gbé e lé orí òkúta, ó dúró jìnnà bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sí i. Fortunato ní, Bàbá Eleuterio, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, tiyín rèé, ẹ lè máa mú un lọ sílé pàápàá.

Àwòrán ọmọ màlúù tó ń rẹ́rìn-ín ló wà lára ike náà. Èmi ni mo fún bàbá Fortunato ní omi ọjọ́ méjì lé lọ́dún tí oko rẹ̀ fẹ́ gbẹ! Mo da gbogbo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà sílẹ̀ fún Ilẹ̀, mo gbé ṣọ́bìrì mi, mo lọ sílé. Èyí tó dùn mí jù ni Crisóstomo aládùúgbò wa. Àtòun àtèmi la jọ ń gbé oògùn kan náà mì, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìn odò ló máa ń gbà lọ kí ojú má baà tó o. Níṣojú mi ló mu nínú ife gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tún ń pọ́n ètè lá.

Òtítọ́ kò ṣe é fi pamọ́: ìwà wọn ni mo bínú sí, mi ò bínú sí ohun tí wọ́n gbàgbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Ta ni kò mọ̀ pé ṣíbí àti ife ni irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà ran èèyàn? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Yadira wà lọ́dọ̀ mi láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹfà, tí mo ti ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀, mo kan ìṣó méjì mọ́ ògiri. Ṣíbí rẹ̀ wà lórí ọ̀kan, tèmi lórí èkejì, mi ò jẹ́ kí wọ́n fara kanra. Á ní, Bàbá àgbà, ṣíbí yín ń wo tèmi o. Omi gbígbóná ni mo fi ń fọ àwo rẹ̀. Inú ilé ìdáná la jọ ń sùn nítorí pé ó móoru, orí ibùsùn kan, abẹ́ ìbora mẹ́rin, mo fi awọ àgùntàn dí fèrèsé pinpin, mo ki aṣọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ kankan kò ráyè fọwọ́ kàn án. Mo tọ́jú ọmọ rẹ, Nélida. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo tọ́jú rẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Rosmery dé láti ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Huamanga, aṣọ rẹ̀ funfun kinkin, ó ní ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lòun ń lé, òun sì fẹ́ mọ ohun tí àwa aláìsàn tí ń tilé wá gbàtọ́jú mọ̀ nípa bí èèyàn ṣe lè dènà àrùn náà, àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára wa. Ó ní kí ọkàn mi balẹ̀, kì í ṣe ìdánwò. Ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bírò pupa lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kì í ṣe ìdánwò. Mo tún ìjókòó ṣe. Mo lọ sí ilé ìwé ọdún mẹ́rin, mi ò gbẹ̀yìn rí.

Wọ́n ní kí ló ń fa jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Mo mú òtútù, mo tún mú ìbànújẹ́, mo sì kọ ọ́ sétí ìwé pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ibo ló ń gbà ràn. Mo fàlà sí abẹ́ ife, àwo àti ṣíbí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè rí i dáadáa. Wọ́n ní báwo ló ṣe yẹ kí yàrá aláìsàn rí. Mo mú èyí tó ní kí wọ́n ti fèrèsé pa. Ibi tí mi ò ti mọ ọ̀kan, mo mú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ẹni tó bá da àwọ̀n tó fẹ̀ ló ń rí ẹja kó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Wọ́n kọ ọ́ pé: Ojú ń tì mí nítorí àìsàn mi. Wọ́n wá ní kí n mú ọ̀kan: mo gbà gan-an, mo gbà, n kò lè sọ, mi ò gbà, mi ò gbà rárá. Oríṣi gbígbà márùn-ún! Nínú ìpàdé ìlú, èèyàn á nawọ́ tàbí kó má nawọ́. Mo sọ fún un pé ojú kò tì mí kí wọ́n tó gbé ike yógọ́ọ̀tì wá, kí ó wá ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí fún mi. Ó ní kò sí níbẹ̀.

Márùn-ún ni mo gba. Crisóstomo tí kò mọ A yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn, tí wọ́n ní láti ka gbogbo rẹ̀ sí létí, gba mẹ́tàlá. Mo mọ bó ṣe ṣe é. Ojú ọmọbìnrin náà ló ń wò, ibi tí ojú rẹ̀ bá ti rọ̀ ni yóò ní òun mú. Ó sáré bá mi lẹ́nu géètì, ó ní, Eleuterio, máa pè mí ní dókítà. Ó ní tí n bá ní ìbéèrè nípa ara mi kí n wá bá òun.

Mo padà wọlé lọ bá Rosmery. Mo ní mi ò gbà, kí ó tún ìwé mi wò, kí ó fi hàn mí níbi tí mo ti ṣì í. Ọmọ náà gbìyànjú. Ó gbé àga síta sínú oòrùn, ó ní ẹ jẹ́ ká wò ó pọ̀, Bàbá. Ó ní kì í ṣe òtútù, kòkòrò àrùn ni, tíńtín ni, ojú kò lè rí i. Ó ní tí aláìsàn bá húkọ́, inú èémí rẹ̀ ló ń gbà jáde, yóò sì máa léfòó nínú yàrá. Mo ní ife ńkọ́. Ó ní kì í ṣe ife. Mo ní ṣíbí. Ó ní kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe àwo, kì í ṣe ìbora. Ó ní láti ìparí oṣù kẹjọ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi ti mọ́ pàápàá, oògùn ti ṣiṣẹ́, mi ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́ tí n kò bá ti dá a dúró.

Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ife! Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gun ọ̀nà lọ tààrà sí ojúlé Fortunato, èèyàn bíi mẹ́wàá ló jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ́ àgbàdo. Mo ju ìwé sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní ẹ dójú tì mí lásán, ìjọba fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ife kì í ràn án. Fortunato yẹ ìwé náà wò, ó rí bírò pupa, ó ní, Ṣùgbọ́n Bàbá, márùn-ún lẹ gbà níbí, ṣé ẹni tó gba márùn-ún ló ń kọ́ni ni? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Eulalia kò rẹ́rìn-ín, ó ní, Tí kì í bá ṣe ife, Bàbá, kí ló ń ràn án?

Mo gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lójúlé kejì náà lè gbọ́. Mo ní èémí ni! Mo ní tí èèyàn bá bá alárùn sùn nínú yàrá tí wọ́n tì pa, tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, tí kò jáde, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ibẹ̀ ló ti ń kó o.

Eulalia gbé àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, Bàbá, Yadira ńkọ́?

Nélida, mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mo dúró nínú ilé ìdáná, mo ń wo ṣíbí méjèèjì lórí ìṣó méjèèjì. Mo wo awọ àgùntàn tó dí fèrèsé. Gbogbo ohun tí mo fi ìfẹ́ ṣe fún ọmọ yẹn, àwo tí mo fọ̀, ṣíbí tí mo yà sọ́tọ̀, kò wúlò fún nǹkan kan, ibi tí mo ti rò pé mo bò ó mọ́ra gan-an ni mo ti ń húkọ́ sí i lójú. Mo fa awọ náà yọ. Afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn kúì sá lọ sábẹ́ igi ìdáná. Fortunato ti tẹ̀ lé mi láìjẹ́ kí n mọ̀. Ó di ife tí gbogbo ìlú ń lò lọ́wọ́, ó mu, ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀, ó nà án sí mi. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń fẹ́ ife yẹn. Mo gbà á, mo mu ún, mi ò mọ̀ bóyá ó dùn tàbí ó kan.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mi ò gun òkè itẹ́ òkú tí ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń gbé mi lọ láràárọ̀. Mo lọ tààrà sọ́dọ̀ Maribel, mo gbé hóró mọ́kànlá mì, mo la ẹnu kó tó sọ pé kí n là á. Mo wá ní kí ó gbé fọ́ọ̀mù náà wá. Ó ní kí n pe orúkọ, òun á kọ ọ́. Mo ní rárá, kí ó fún mi ní bírò.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí, ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n. O mọ̀ pé ìwé orúkọ ni wọ́n kà ní gbàgede lọ́dún 1984 tí wọ́n fi kó Saturnino àbúrò mi àti àwọn yòókù lọ. Ohun tí o kò mọ̀ ni ẹni tó kọ ìwé náà. Ọ̀gá ṣọ́jà kan tó mọ ọmọlúàbí ṣe ló dé lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ní àwọn fẹ́ pín ìrẹsì, ta ló mọ̀wé kọ níbí. Gbogbo wọn tọ́ka sí mi. Inú mi dùn. Mo kọ orúkọ méjìlélógún, mo kọ ọ́ rèǹtè-rente, Saturnino ni ìkẹrin, mo sì fi tèmi sí ìsàlẹ̀ pátápátá nítorí pé ẹni tó ń pín nǹkan ló ń gbẹ̀yìn mú. Nígbà tí wọ́n ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn yẹn dáhùn, ọkọ̀ ti kún. Wọn ò débi tèmi. Láti ọjọ́ náà mi ò kọ orúkọ ẹ̀dá alààyè sórí ìwé. Ọdún méjìlá tí mo fi pín omi, hóró àgbàdo lórí àwo ni mo fi ń ka ìpín ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ní ọgbọ́n orí mi pọ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n. Ìbẹ̀rù ni.

Lọ́jọ́rú ni mo kọ ọ́. Yadira, ọmọ ọdún méje, oṣù mẹ́ta, ibùsùn kan náà. Ó dà bíi pé adìyẹ ló tẹ orí ìwé náà. Mo tún kọ orúkọ tìrẹ àti ti Wílber àti ibi tí ẹ ń gbé. Mo bi Maribel lẹ́ẹ̀mẹta pé ibo ni ìwé yìí ń lọ, ta ló fẹ́ kà á, ṣé wọ́n máa gbé ọkọ̀ wá. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín ni yóò dé, wọ́n á yẹ àyà ọmọ náà wò, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ó ní tí ó bá wà lára rẹ̀, oògùn oṣù mélòó kan ni, àwọn ọmọdé sì máa ń gbádùn dáadáa tí wọ́n bá tètè rí i. Ó ní tètè. Mo ti ka oṣù tí mo fi ní kò sí ẹnì kankan: oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣé kí n bínú sí Fortunato ni àbí sí akẹ́kọ̀ọ́? Ara mi ni mo ń bínú sí, kò sì sẹ́ni tí mo lè ju ìwé sí lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, ìrì Líma kọ́ o. Má fún un ní múnyà. Má dúró kí wọ́n tó pè yín, mú lẹ́tà yìí dání, gbé e lọ lọ́la, kí ìwọ àti Wílber náà húkọ́ sínú ike. Ẹ má fi aṣọ tábìlì wé e, wọn kì í gba wàràkàṣì. Ṣí fèrèsé yàrá yín, bí ìyá ọkọ rẹ bá ní òtútù ń mú òun, sọ pé àna rẹ̀ tó gba márùn-ún ló ní kí o ṣí i.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè owó níbi tí a dé yìí, kí o má baà rò pé ẹlòmíràn ló kọ lẹ́tà náà. Mo fẹ́ kí o bá mi wá owó fèrèsé onígíláàsì kan tó ṣeé ṣí tó ṣeé tì, torí òfìfo lásán ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn kúì kò sì tíì dárí jì mí. Ṣùgbọ́n má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó yẹ ọmọ náà wò. Mo ti fara da òtútù fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, fèrèsé á dúró dè mí.

Kí Màríà Wúńdíá àti àwọn òkè tó yí wa ká máa ṣọ́ yín. Kí àyà Yadira mọ́ bí omi orísun. Ohun tó bá ti ọwọ́ mi dé bá a, kí ó padà sọ́dọ̀ mi, èmi ti gbó. Ṣíbí rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó, mo ti gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nélida, àwọn tó jẹ́ orúkọ tí mo kọ nígbà yẹn kò padà wálé. Èyí yàtọ̀. Tí wọ́n bá pe Yadira ní ilé ìwòsàn yẹn, má fi í pamọ́ sẹ́yìn rẹ bí ìyá rẹ ṣe fi ọ́ pamọ́ sẹ́yìn lọ́jọ́ tí wọ́n ń ka orúkọ ní gbàgede. Di ọwọ́ rẹ̀ mú, dìde dúró, kí o sì dáhùn pé ó wà níbí.

Èmi bàbá rẹ,
Eleuterio Ccente, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.